Ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n, ẹ má wo ojú: bí a ṣe ń mọ̀ pé iṣan ẹni tó ní jẹjẹrẹ orí tàbí ọrùn ti ń joro

"Bàbá ti rù." Ìbáà ṣe Kàbà, ìbáà ṣe Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹbí máa ń sọ nìyẹn nígbà tí wọ́n bá gbé ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹnu, ahọ́n, ọ̀nà ọ̀fun tàbí gògóńgò wá. Bí ẹ bá ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ti rí i hàn yín, ojú ni wọ́n máa tọ́ka sí: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wọlé, ẹ̀bátí ti jin. Ibi tó yẹ kí a gbà gbọ́ kẹ́yìn gan-an nìyẹn, nítorí àìsàn yìí fúnra rẹ̀, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ àti ìtọ́jú onítànṣán rẹ̀, ojú àti ọrùn ni gbogbo wọn ń bá jà. Ojú lè wú nígbà tí ara ti gbẹ. Ẹ̀bátí sì lè jin lára ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì kún dáadáa.

Àwa òṣìṣẹ́ ìlera náà ò sàn jù wọ́n lọ. Ìwọ̀n ni tiwa. A ó gbé aláìsàn gun ìwọ̀n, a ó rí i pé kílò rẹ̀ ò yí padà, a ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò sí wàhálà. Ìwọ̀n ò mọ omi, kò mọ ọ̀rá, kò mọ iṣan. Ńṣe ló ń kà wọ́n pọ̀. Ènìyàn lè sanra kí iṣan rẹ̀ sì ti ń tán lọ lábẹ́ ọ̀rá. Irú wọn ló máa ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ jù.

Ẹni tí iṣan rẹ̀ ti joro kì í fara da kẹ́mò, ìyẹn oògùn tí a fi ń bá jẹjẹrẹ jà, bíi cisplatin, dáadáa. Ó lè di dandan kí wọ́n dín oògùn náà kù tàbí kí wọ́n dá a dúró láàárín ọ̀nà. Nítorí náà, ó yẹ ká tètè mọ̀, kó tó di ohun tí gbogbo àdúgbò ń sọ.

Nọ́ọ̀sì ni mo kọ èyí fún, àti òṣìṣẹ́ ìlera ní abúlé, àti ọmọ tàbí aya tó ń tọ́jú aláìsàn nílé. Dókítà ló máa sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn. Iṣẹ́ tiwa ni láti kó nǹkan tó ṣeé lò lé e lọ́wọ́.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

- Téèpù aránṣọ tó ní sẹ̀ǹtímítà. Èyí tí wọ́n ti lò pẹ́ máa ń fà. Ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà ọmọ iléèwé. Bí 30 tirẹ̀ kò bá bá 30 rúlà mu, ẹ ra òmíràn.
- Ìwọ̀n tí ènìyàn ń gùn, lórí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú. Lórí kápẹ́ẹ̀tì tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, irọ́ ló máa pa.
- Àga onígi tí kò ní apá, tí ìjókòó rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 43 sí 45. Ẹ má lo àga tìmùtìmù, ẹ má sì lo àpótí ìdáná.
- Fóònù tó lè ka ìṣẹ́jú àáyá, ṣọ́ọ̀kì, bírò, àti ìwé kan tó jẹ́ ti aláìsàn yìí nìkan.
- Ìwé ilé ìwòsàn tó sọ irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe, àti *ibi tí wọ́n ti gé ẹran ara*. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.
- Bí ó bá wà ní ilé ìwòsàn yín, ẹ̀rọ tí a ń fún lọ́wọ́ láti wọn agbára ọwọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní dynamometer.

Ìkìlọ̀ kan kó tó pẹ́: téèpù aláwọ̀ pupa, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé tó wà ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé, ti ọmọ ọwọ́ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni. Ẹ má so ó mọ́ apá àgbàlagbà kí ẹ wá ní "ó bọ́ sí àwọ̀ ewé, ara rẹ̀ le." Kò sí àgbàlagbà tí kò ní bọ́ sí àwọ̀ ewé níbẹ̀, àyàfi ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

*Kí ẹ tó lọ síwájú:* ẹ ti mọ ẹni tí yóò máa wọ̀n ọ́n. Ẹnì kan náà ni kó máa ṣe é nígbà gbogbo, nítorí ọwọ́ ò dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ ìyàwó ọmọ ló wà nílé, tí ojú sì ń tì í láti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàbá ọkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọkùnrin ilé tàbí nọ́ọ̀sì ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ kí aláìsàn, "Ọ̀kun o, Bàbá," ẹ ṣàlàyé, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀ nítorí ihò tí wọ́n lu sí ọrùn rẹ̀ kó lè mí, ẹ dúró kó mi orí tàbí kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò lè fọhùn ṣì ní ẹ̀tọ́ láti ní òun ò fẹ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Kílò, àti iye tó ti lọ

Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, lẹ́yìn tó bá tọ̀ tán, kó tó jẹun. Kí ó bọ́ bàtà, fìlà, gèlè àti aṣọ òkè. Kí ó yọ fóònù àti kọ́kọ́rọ́ kúrò lápò. Nígbà ọyẹ́, mo ti rí i tí wọ́n wọn màmá kan pẹ̀lú súwẹ́tà àti ìró méjì, tí gbogbo ilé sì ń yọ̀ pé ó ti gbé kílò kan ààbọ̀ sí i.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì nípa ìwọ̀n yín, ẹ wá kẹ́ẹ̀gì tí ẹ mọ iye lítà tó ń gbà dájú. Ẹ wọ̀n ọ́n lófìfo, ẹ pọn omi kún un, ẹ tún un wọ̀n. Lítà omi kan, kílò kan ni. Bí omi lítà 20 bá ń sọ kílò 23, ẹ ti mọ ohun tí ìwọ̀n náà ń ṣe.

Kílò òní nìkan ò wúlò. Ohun tí a ń wá ni iye tó ti lọ. Ẹ béèrè kílò oṣù 6 sẹ́yìn. Ẹ wá a nínú káàdì ilé ìwòsàn, nínú ìwé iṣẹ́ abẹ, níbikíbi tí wọ́n bá ti kọ ọ́. Bí kò bá sí ìwé kankan, ẹ béèrè bóyá bẹ́líìtì ti wọ ihò míràn, bóyá òrùka ń yọ, bóyá wọ́n ti gbé ṣòkòtò fún aránṣọ kó bá wọn dín in.

Ìṣirò rẹ̀: ẹ yọ kílò òní kúrò nínú ti àtijọ́, ẹ pín ohun tó kù fún ti àtijọ́, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Ẹni tó jẹ́ 68, tó wá di 62: 6 ti lọ; 6 pín sí 68, ìlọ́po 100, jẹ́ 8.8. Nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 ara rẹ̀ ló ti lọ.

Tó bá ti ju ìdá 5 nínú 100 lọ láàárín oṣù 6, láìjẹ́ pé ó dìídì fẹ́ fọn, ààlà tí àwọn onímọ̀ fi ẹnu kò lé lórí ní ọdún 2011 fún ìjoro ara tí jẹjẹrẹ ń fà ti kọjá. Fún ẹni tí BMI rẹ̀ (ìyẹn kílò rẹ̀ ní ìfiwéra pẹ̀lú gíga rẹ̀) kò tó 20, ìdá 2 nínú 100 ti tó láti pariwo. Láti mọ BMI, ẹ pín kílò fún gíga rẹ̀ ní mítà, ẹ tún pín èsì náà fún gíga kan náà. Kílò 62, gíga mítà 1.70: 62 pín sí 1.70 jẹ́ 36.5, 36.5 pín sí 1.70 jẹ́ 21.5.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ní nọ́ńbà méjì, ọjọ́ méjì, àti ìdá tó ti lọ. Bí ọ̀kan bá kù, ẹ kọ ọ́ pé kò sí. Ẹ má hun ún.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá omi kí ẹ tó wọn ẹsẹ̀

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ iwájú ojúgun, ní òkè ọrùn ẹsẹ̀, lórí egungun. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ kà á dé 10, ẹ wá ṣíwọ́. Bí ihò bá wà níbẹ̀, omi ti gbé ẹsẹ̀ náà, téèpù yóò sì máa ka omi mọ́ iṣan. Ẹ kọ "ẹsẹ̀ wú", ẹ wọ̀n ọ́n kó lè wà lákọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi dájọ́. Apá àti agbára ni kí ẹ gbọ́kàn lé fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ sì sọ fún dókítà nípa wíwú náà, nítorí kò yẹ kó wà níbẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹsẹ̀ méjèèjì ni ẹ tẹ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá wú, tó tún ń dùn ún, tó gbóná, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí dókítà tó rí i. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú ẹsẹ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ̀yìn ojúgun

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ibi tí ẹran pọ̀ sí jù lẹ́yìn ojúgun jìnnà sí ọrùn, ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀ bíi ti ikùn, ìtọ́jú onítànṣán ọrùn kò sì dé ibẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí téèpù lè wọ̀n lára ẹni tó ní àìsàn yìí, òun ni mo fọkàn tán jù.

Kí aláìsàn jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí orúnkún tẹ̀ bí igun àpótí, kí ẹsẹ̀ méjèèjì jìnnà síra tó sẹ̀ǹtímítà 20. Kí ó ká ṣòkòtò tàbí ìró sókè kọjá orúnkún. Bí ṣòkòtò náà bá fún tó ń di ẹran mọ́lẹ̀, kí ó bọ́ ọ. Ẹ sọ fún un kó má tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má na ìka ẹsẹ̀.

Ẹ yí téèpù ká ibi tí ẹ rò pé ó yọ jù. Ẹ kà á. Ẹ sún un sókè díẹ̀, ẹ kà á. Ẹ sún un sísàlẹ̀, ẹ kà á. Èyí tó tóbi jù lẹ fẹ́. Téèpù gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ yí ẹsẹ̀ ká, kó má dàgẹ̀rẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Aránṣọ a máa fi àyè sílẹ̀ fún aṣọ. Ẹ̀yin ẹ má fi àyè sílẹ̀, ẹ má sì fún un pọ̀. Kí ó fara kan awọ, kó má jẹ ẹ́. Bí ẹ bá tú téèpù tí ẹ rí ilà rẹ̀ lára, ẹ ti fún un jù. Ẹ tún un ṣe.

Nígbà tí ẹ bá rí ibi tó tóbi jù, ẹ fi bírò sàmì sí i, kí ẹ wá wọn iye sẹ̀ǹtímítà tó wà láti abẹ́ orúnkún dé ibẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bírò á lọ nígbà tó bá wẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn ni yóò gbé yín padà síbì kan náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Fún ọkùnrin, bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 34, ẹ fura. Fún obìnrin, bí kò bá tó 33. Ẹni tó sanra ní àtúnṣe: bí BMI rẹ̀ bá wà láàárín 25 sí 29.9, ẹ yọ 3 kúrò nínú ohun tí ẹ wọ̀n kí ẹ tó fi wé ààlà. Bí ó bá wà láàárín 30 sí 39.9, ẹ yọ 7. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó 18.5, ẹ fi 4 kún un. Ẹ wo màmá kan tí ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ jẹ́ 37, tí BMI rẹ̀ sì jẹ́ 32: 37 yọ 7 jẹ́ 30. Òun tí gbogbo ènìyàn ń pè ní alára dáadáa ti wà lábẹ́ ààlà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n wọ̀n láti rí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, nítorí náà ẹ má sọ wọ́n di òfin Mósè. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 38 tó ti di 35 lóṣù méjì ṣì wà lókè ààlà, síbẹ̀ òun ni ẹ óò kọ́kọ́ sáré bá.

*Ìkìlọ̀ tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀:* bí wọ́n bá ti gé egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ aláìsàn kúrò, àwọn oníṣẹ́ abẹ lè ti mú egungun tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojúgun rẹ̀ láti fi tún àgbọ̀n ṣe. Ẹsẹ̀ yẹn ò ní dọ́gba mọ́ èkejì láé. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ojúgun bóyá àpá gígùn wà níbẹ̀. Bí ó bá wà, ẹsẹ̀ kejì ni kí ẹ máa wọ̀n, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìwé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tú téèpù kúrò pátápátá láàárín wọn. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá fi ju ààbọ̀ sẹ̀ǹtímítà yàtọ̀ síra, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìgbésẹ̀ 4: Apá

Èyí yá. Ọwọ́ tí kò fi ń jẹun ni kí ẹ lò, àyàfi bí wọ́n bá ti gé ẹran níbẹ̀. Kí ó ká ìgúnpá. Ẹ wọ̀n láti ṣóńṣó egungun èjìká dé ṣóńṣó ìgúnpá, ẹ sàmì sí àárín gan-an. Kí ó wá jẹ́ kí ọwọ́ rọ̀ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, kí ẹ wọn àyíká ibi tí àmì wà. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 23.5, ó ṣeé ṣe kí BMI rẹ̀ ti wà lábẹ́ 20. Ó wúlò gan-an fún ẹni tí kò lè dìde gun ìwọ̀n.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* àmì wà láàárín lóòótọ́, kì í ṣe ibi tí ojú rò pé àárín ni.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fojú wò ó, ẹ fọwọ́ kàn án

Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa bọ̀ wá sókè, kí ojú má baà tàn yín jẹ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Iwájú itan: bí ó bá jókòó, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹran tó wà lókè orúnkún mú. Ṣé ó kún ọwọ́, àbí egungun lẹ ń bá? Ṣé orúnkún yọ ju itan lọ?

Ọwọ́: ẹ ní kó fi ṣóńṣó àtàǹpàkò kan ṣóńṣó ìka ìlábẹ̀, kó tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹran kékeré kan máa ń yọ sókè láàárín ìka méjèèjì lẹ́yìn ọwọ́. Bí ibẹ̀ bá tẹ́jú tàbí tó jin, ẹ kọ ọ́. Ẹ rántí pé àgbẹ̀ tó ti fi ogójì ọdún kọ ebè iṣu máa ń ní ọwọ́ tó nípọn. Tirẹ̀ lè joro díẹ̀ kó ṣì dà bíi pé ó dára. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bí ọwọ́ náà ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Èjìká àti ẹ̀yìn: ṣé èjìká ṣì rí roboto, àbí ó ti dá igun? Ṣé egungun tó dábùú lábẹ́ ọrùn yọ síta? Ṣé ihò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ẹ̀yìn èjìká?

Ibí ni iṣẹ́ abẹ ti máa ń dá wa láàmú. Nígbà tí wọ́n bá ṣí ọrùn láti kó kókó jáde, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ (nerve) tí ọpọlọ fi ń darí èjìká lè fara gbọgbẹ́. Èjìká ẹ̀gbẹ́ yẹn á wọ́ sílẹ̀, ẹran orí rẹ̀ á gbẹ, kò sì ní lè gbé apá sókè dáadáa mọ́. Àìjẹun kọ́ ló fà á. Bákan náà ni wọ́n lè ti fa ẹran àyà gòkè lọ dí ojú ọgbẹ́ ọrùn, tí àyà ẹ̀gbẹ́ kan á fi tẹ́jú. Òfin tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni pé bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló gbẹ, ẹ kọ́kọ́ fura sí ọ̀bẹ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ fura sí gbogbo ara.

Ojú ló kẹ́yìn. Iṣan tí a fi ń jẹun ló wà ní ẹ̀bátí. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò là mọ́, tó sì ti ń fi rọ́bà imú tàbí ti ikùn jẹun fún oṣù mẹ́ta, iṣan yẹn á gbẹ nítorí pé kò ṣiṣẹ́, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ le bí igi. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, lẹ́yìn ìtọ́jú onítànṣán, omi ara ò rí ọ̀nà gbà lọ, ojú àti abẹ́ àgbọ̀n á wú, àwọn ará ilé á sì máa dúpẹ́ pé "ojú rẹ̀ ti ń padà bọ̀." Ẹ kọ ohun tí ẹ rí lójú, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ẹ̀rí.

Níwọ̀n bí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ wo bí ẹnu ṣe ń là tó. Kí ó to ìka mẹ́ta tirẹ̀ léra, kó gbìyànjú láti fi wọ àárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Bí wọn ò bá wọlé, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bí kò bá tó mìlímítà 35, ẹ fi sínú ìròyìn. Ẹnu tí kò là, oúnjẹ ò lè gba ibẹ̀ dáadáa.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* fún ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ ti kọ ọ̀tún àti òsì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ sì ti fi wé àpá iṣẹ́ abẹ.

Ìgbésẹ̀ 6: Agbára

Iṣan lè dà bíi pé ó wà kó má sì ní agbára. Agbára ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ.

Àga ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e ti ògiri kó má sá sẹ́yìn. Kí ó jókòó, kó ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà. Tí ẹ bá ti ní "ó yá", kí ó dìde nàró, kó jókòó, títí yóò fi dìde lẹ́ẹ̀karùn-ún, bó ṣe lè yá tó. Ẹ dá aago dúró nígbà tó bá nàró lẹ́ẹ̀karùn-ún. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, agbára ti dín kù. Bí kò bá lè dìde láìfọwọ́ ti itan, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ kọ bẹ́ẹ̀. Èsì nìyẹn náà.

Kí ẹnì kan dúró tì í o. Ẹ má ṣe é fún ẹni tí òòyì ń kọ́, tí ibà ń ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, tàbí tó gba kẹ́mò lónìí. Ẹ so rọ́bà oúnjẹ mọ́ ara dáadáa kó má fà. Ẹ má sì kígbe "Ẹ ṣe gírí, Bàbá!" lọ́sẹ̀ kan kí ẹ wá dákẹ́ lọ́sẹ̀ kejì; ìwúrí náà ń yí nọ́ńbà padà.

Bí ẹ̀rọ ìfọwọ́fún bá wà: kí ó jókòó, kí ìgúnpá tẹ̀ bí igun àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kó fún un pẹ̀lú gbogbo agbára, ẹ̀ẹ̀mẹta fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ga jù lẹ ó mú. Bí kò bá tó kílò 27 fún ọkùnrin, tàbí 16 fún obìnrin, ó ti kéré. Bí wọ́n bá mú awọ àti ẹran láti apá ìsàlẹ̀ kan láti fi tún ahọ́n ṣe, ẹ má ka ọwọ́ yẹn. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, kí ẹ ní kó fún yín níka kì í ṣe ìwọ̀n. Àga ti tó yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà méjì tí ó jìnnà síra ní mítà 4. Kí ó rìn bó ṣe máa ń rìn, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ bí ó bá ń lò ó. Bí ó bá gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ń le.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* nígbà tó jókòó tán, ó lè mí, ó sì lè dá yín lóhùn tàbí mi orí láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pe dókítà, ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìbéèrè márùn-ún

SARC-F ni orúkọ rẹ̀. Báwo ló ṣe nira tó láti gbé ẹrù tó tó kílò 4.5? Láti rìn kọjá nínú yàrá? Láti dìde lórí àga tàbí ibùsùn? Láti gun àtẹ̀gùn 10? Bí kò bá nira, 0. Bí ó bá nira díẹ̀, 1. Bí ó bá nira gan-an tàbí kò lè ṣe é, 2. Ìkarùn-ún: ìgbà mélòó ló ti ṣubú lọ́dún tó kọjá? Kò ṣubú, 0. Ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mẹta, 1. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí jù bẹ́ẹ̀, 2. Bí àpapọ̀ bá tó 4, ẹ fura. Bí kò bá tó, kò túmọ̀ sí pé ara dá. Ìbéèrè yìí máa ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ sá mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ fi ti oúnjẹ kún un: kí ló ń wọlé lóòótọ́? "Ó ń jẹun" ò tó. Ife ògì mélòó, ṣé ó ní wàrà tàbí sóyà nínú, àbí omi ògì lásán? Ògì tó ṣàn bí omi nígbà mẹ́ta lóòjọ́ kò lè gbé iṣan kankan dúró.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* aláìsàn fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Àwọn ọmọ a máa sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ kó jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí CT scan bá ti wà tẹ́lẹ̀

Ẹ má san owó skáànù tuntun nítorí èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìsàn wa tó lọ sí National Hospital l'Ábùjá, UCH n'Íbàdàn tàbí LUTH l'Ékòó ti ṣe CT ọrùn (àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ ń yà) nítorí jẹjẹrẹ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n lè wọn iṣan láti inú àwòrán kan náà, ní ibi egungun ọrùn kẹta: iṣan ẹ̀yìn ọrùn àti iṣan gígùn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Ìṣirò kan tí wọ́n gbé jáde ní 2016 ń lò ó pẹ̀lú ọjọ́ orí, kílò àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, láti mọ iye tí iṣan ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn máa jẹ́. Nínú ìwádìí 2017 kan lórí jẹjẹrẹ orí àti ọrùn, àwọn tí iṣan wọn kò ju 43.2 lọ, ní sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin fún mítà gíga onígun mẹ́rin, ni oògùn máa ń da láàmú jù.

Ẹ béèrè fún CD, kì í ṣe fíìmù nìkan, nítorí orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Kí ẹni tó ń kà á sì mọ̀ bí jẹjẹrẹ bá ti wọ iṣan ẹ̀gbẹ́ ọrùn kan. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni yóò lò nígbà náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* CD náà ṣí lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn tó fún yín.

Ìgbésẹ̀ 9: Ìwé tí ẹ ó mú dání

Ojú ìwé kan péré. Àpẹẹrẹ tí mo fi ọwọ́ ara mi hun nìyí, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni:

"Ọkùnrin, ọdún 61, jẹjẹrẹ ahọ́n. Wọ́n mú ẹran láti apá òsì ìsàlẹ̀. Kílò 68 lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, 62 lónìí: ìdá 8.8 nínú 100 ti lọ. BMI 21.5. Ẹsẹ̀ ò wú. Ẹ̀yìn ojúgun ọ̀tún 31.5, òsì 31. Apá ọ̀tún òkè 24. Itan méjèèjì ti fẹ́lẹ́. Àga: ìṣẹ́jú àáyá 19. Mítà 4: ìṣẹ́jú àáyá 6. SARC-F 5. Ẹnu: mìlímítà 28. Ògì àti ọbẹ̀ lílọ̀ nìkan ló ń wọlé láti ọ̀sẹ̀ méjì."

Bí a ṣe ń kà á: agbára tó dín kù nìkan, ẹ fura, agbára tó dín kù pẹ̀lú iṣan tó kéré, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú, bí ìrìn bá tún falẹ̀ kún un, ó ti le. Ọkùnrin yìí ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀dọ̀ dókítà àti onímọ̀ oúnjẹ ló ń lọ lọ́sẹ̀ yìí, kò ní dúró de oṣù tó ń bọ̀.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ dúró rárá: ẹni tí omi pàápàá ò wọlé, ẹni tó ń mí pẹ̀lú ariwo, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu tàbí lọ́rùn. Ẹni tó sì ti lé ní ọjọ́ 5 tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan, ẹ má fi ìfẹ́ rọ oúnjẹ kún un nílé; iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, ọkàn rẹ̀ á sì gbọ́ ọ. Ilé ìwòsàn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Nígbà ìtọ́jú onítànṣán, tó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 7, ẹ wọn kílò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yìn ojúgun àti àga, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Ẹ má dá a dúró lọ́jọ́ tí ìtọ́jú bá parí, nítorí ọgbẹ́ ẹnu àti ìrora máa ń bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i, nígbà náà gan-an ni aláìsàn sì ti kúrò lójú dókítà, tó ti padà sílé ní Mọ̀pà tàbí Ìyàrà.

Ẹ ya fọ́tò ìwé náà sórí fóònù ẹni méjì nínú ẹbí. Bí ẹ bá ń wọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ọwọ́ ni kó wà. Ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ gbé e sí búùtù pẹ̀lú ẹrù.